Àmì Funfun Lára Ilẹ̀kùn

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ilé!" Lọ́yà ké láti ẹnu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ló fẹ́ wọ̀.

Ìyá rẹ̀, tí ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ilé ara rẹ náà lo ń kí báyẹn? Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ má dá a lóhùn, ojú ayé ló ń ṣe."

Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó ń lo awò ojú, Ọ̀gá Àyẹ̀wò ni gbogbo ìlú ń pè é. Obìnrin kan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú agolo ọ̀dà funfun lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Lọ́yà ti ń mú wọn kiri láti ilé dé ilé. Àwọn àlejò yìí ló ní kí ilé-ìwé fún àwọn ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí àwọn ìyàwó ilé kò ní lé jáde nínú yàrá wọn, àwọn olùkọ́ kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú Lọ́yà. Lọ́yà kì í ṣe orúkọ rẹ̀ tòótọ́. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Láti kékeré, bí o bá fẹ́ nà án, àfi kí o má jẹ̀ẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, wàá ti gbàgbé ohun tí ó ṣe.

Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àyẹ̀wò tí ó jọ èyí tí àwọn káfíńtà fi ń dá igi lu. Bí ó bá ti fi ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀, nọ́ńbà á jáde, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì sọ bí òjé ṣe pọ̀ tó nínú erùpẹ̀ ibẹ̀. Òjé yìí, májèlé tí ó ń bá wúrà gbé nínú òkúta tí wọ́n ń wà nílùú náà, ni wọ́n ń wá kiri. Kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè dá mọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá fọ́ òkúta, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́ láti yọ wúrà, òjé á kù sínú erùpẹ̀, á sì tẹ̀ lé wọn wálé nínú aṣọ, nínú bàtà àti nínú àpò. Àwọn ọmọdé tí ń ṣeré nílẹ̀, tí ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ni ó ń kọ́kọ́ mú.

Ibi tí nọ́ńbà bá ti ga, wọn á hú erùpẹ̀ ibẹ̀, wọn á kó o lọ sínú kòtò jíjìn kan lẹ́yìn ìlú, wọn á sì kó erùpẹ̀ tí ó mọ́ dípò rẹ̀. Bí ilé bá ti wá mọ́ tán, obìnrin ọlọ́dà á ya àmì róbótó funfun sára ilẹ̀kùn. Àmì yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ọmọ inú ilé tí ó bá ní in nìkan ni ilé ìwòsàn ń fún ní oògùn tí ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní bí ọmọ bá ń lo oògùn náà, tí ó sì tún ń jẹ erùpẹ̀ olójé, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́n omi kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ omi ṣì ń tú sínú rẹ̀ ni. Ó ní nígbà mìíràn gan-an, á tún burú sí i ni.

Ìdí nìyẹn tí ìyá Lọ́yà fi ń retí àmì náà bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Àbúrò Lọ́yà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ni òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ó bá jókòó, á ká apá mọ́ àyà bí alága ìpàdé, á wá máa bá àwọn adìẹ wí, á ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n tò sórí ìlà. Ọmọ náà kì í sinmi ẹnu. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, inú ti ń run ún, ó ń bì, ó sì ń tòògbé lọ́sàn-án gangan.

Wọ́n ti hú ẹ̀yìnkùlé wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí bàbá ti máa ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ìkẹyìn ló kù. Ọ̀gá Àyẹ̀wò fi ẹ̀rọ kan ẹ̀yìnkùlé, ó mi orí. Ó kan ojúde, ó mi orí. Ó wọ yàrá ìyá àti bàbá, ibẹ̀ náà dára. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Lọ́yà àti Alága ń sùn.

"Yàrá yìí ńkọ́?"

Lọ́yà tètè dáhùn. "Símẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, sà. Rọ́bà la kàn tẹ́ lé e."

Ilẹ̀ símẹ́ńtì kò nílò kí wọ́n hú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé àwọn ẹlòmíràn, Ọ̀gá Àyẹ̀wò máa ń ká rọ́bà sókè wò kí ó tó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ó sì na ọwọ́ sí etí rọ́bà aláwọ̀ búlúù náà. Ó tún nàró padà.

"Bí ìwọ bá ti sọ ọ́, ó parí," ni ó wí. "Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, o ò tíì ṣì mí lọ́nà."

Obìnrin ọlọ́dà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo, ó sì ya àmì róbótó sára ilẹ̀kùn wọn. Ìyá Lọ́yà ju aṣọ tí ó ń fọ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Lọ́yà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Kò sí símẹ́ńtì kankan nínú yàrá yẹn.

Bàbá Lọ́yà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má bàa máa wá ẹni tí ẹ máa bú. Òṣìṣẹ́ kára ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí awọ bàtà, gbogbo ohun tí ó sì ń wá nínú ihò, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Erùpẹ̀ eléérú tí ó máa ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ wúrà kúrò, àfọkù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Gbogbo wọn gbà pé wúrà ṣì wà nínú àfọkù, pé ọwọ́ ènìyàn ni kò lè yọ ọ́, ẹ̀rọ ńlá ni yóò yọ ọ́. Oníbàárà kan ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wá kó àfọkù pẹ̀lú ọkọ̀. Bàbá ti ń tọ́jú tirẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Nígbà tí àwọn alàyẹ̀wò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àfọkù gbogbo ènìyàn dà sínú kòtò, ọ̀nà àtifi tirẹ̀ pamọ́ ni bàbá ń wá. Yàrá àwọn ọmọ rẹlẹ̀, omi sì máa ń wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Ó dúró de ọjọ́ tí ìyá wọn lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ, ó da àfọkù sílẹ̀ yàrá, ó tẹ́ ẹ, ó gún un títí tí ó fi dán, ó sì tẹ́ rọ́bà lé e. Iṣẹ́ náà dára lójú. Nígbà tí ìyá dé, bàbá ní iyanrìn odò lòun fi gbé ilẹ̀ sókè. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò.

Lọ́yà nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń gbé àtùpà dání fún bàbá nínú yàrá tó ṣókùnkùn náà.

"Bàbá, wọ́n ní nǹkan yìí léwu," ni ó ti sọ lọ́jọ́ náà.

"Abẹ́ rọ́bà ló wà. Ta ni yóò jẹ ilẹ̀ abẹ́ rọ́bà?" Bàbá nu òógùn ojú. "Bí oníbàárà yẹn bá ti lè dé báyìí, ọ̀rọ̀ yunifásítì rẹ ti yanjú nìyẹn. Wàá di lọ́yà tòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu lásán."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá yẹ ilé wọn wò, bàbá kàn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Wọ́n á dé yàrá yín o. Mi ò ní kí o purọ́. Ìwọ ṣáà ni Lọ́yà." Bí ó ṣe jáde nìyẹn, tí ó fi gbogbo ẹrù náà lé ọmọ lórí.

Oògùn bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ara Alága mókun. Ó tún ń bá àwọn adìẹ jà. Lọ́yà wá ń sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé irọ́ òun ló gba oògùn fún un, pé bí òun bá ti sọ òtítọ́ ni, wọn ì bá ṣì máa dúró de àwọn ahúlẹ̀. Ẹjọ́ náà dùn-ún rò. Ó rò ó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Nọ́ọ̀sì àgbà wo èsì náà sùn-ùn, ó tún un wò.

"Ìyá Alága, ṣé bàbá rẹ̀ ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé ni?"

"Rárá o. Ìta ló ń bọ́ ọ sí, ibẹ̀ náà ló ti ń wẹ̀."

"Ṣé ọmọ ń ṣeré lọ sí ibi ìfọ̀ wúrà?"

"Ẹ̀yìn mi ló wà, mà. Ibo ló fẹ́ gbà débẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Lọ́yà. "Ìwọ tí o mọ gbogbo yàrá ìlú yìí, kí lo rò sí i?"

"Mi ò mọ̀, mà," ni Lọ́yà wí. Èyí kò tilẹ̀ ṣòro fún un bíi ti àkọ́kọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀, ó sì fi orúnkún rìn yí etí rọ́bà ká. Ní ìdí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó rí ibi tí rọ́bà ti ya. Ihò kan wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ó ṣe róbótó, ìka ọmọdé ló gbẹ́ ẹ. Lọ́yà jókòó sílẹ̀, ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún.

Ó ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe, àyàfi ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ó fi téèpù lẹ rọ́bà. Ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lé ibẹ̀. Ó ń fọ ọwọ́ Alága títí ọmọ á fi bú sẹ́kún. Ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó o jáde. Ó ń fi ìka gbẹ́ ẹ."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oníbàárà ti pè mí."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá pa àmì ara ilẹ̀kùn rẹ́ ni? Kí wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró?"

Lọ́yà wọlé padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn nìkan ló ń bà á lẹ́rù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ojú ló ń tì í. Ìyá kan wà ládùúgbò tí kò fẹ́ kí wọ́n hú ilẹ̀ ilé ìdáná òun, Lọ́yà ló jókòó tì í, tí ó bẹ̀ ẹ́, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yín ni kí ẹ rò." Ojú wo ni yóò fi wo obìnrin yẹn? Kí ni wọn yóò máa pè é nílé-ìwé? Ìdánwò àṣejáde sì ti dé tán. Ó ní bí òun bá ti parí ìwé yìí, òun á sọ. Bí òun bá parí ìyẹn, òun á sọ. Nígbà tí ó bá sì lọ sílé-ìwé, àpótí aṣọ kò wúwo ju ohun tí Alága lè tì lọ.

Wọ́n ń kọ ìdánwò ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé ilé-ìwé yọjú, tí ó sì pe Lọ́yà jáde. Ohun tí ó sọ kò pọ̀: "Àbúrò rẹ ti wà ní ilé ìwòsàn. Gìrì mú un." Lọ́yà fi ìwé àti bírò sílẹ̀, ó sáré títí ó fi débẹ̀.

Alága wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Gìrì ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá wọn ti tú gèlè, ó sì ń na ìka sí nọ́ọ̀sì.

"Ilé wa mọ́! Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn wa! Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀dà ya á! Oògùn yín ló fẹ́ pa ọmọ mi!"

"Ìyá, mo gbọ́ yín," ni nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lú sùúrù. "Àmọ́ ọmọ yìí ń rí òjé jẹ níbì kan. Mi ò mọ ibẹ̀. Bí mi ò bá mọ ibẹ̀, mi ò lè ràn án lọ́wọ́."

"Kì í ṣe símẹ́ńtì," ni Lọ́yà wí.

Kò yé ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ jágbe mọ́ ọn.

"Ilẹ̀ yàrá wa. Kì í ṣe símẹ́ńtì, kì í sì í ṣe iyanrìn odò. Àfọkù ni. Ó ti ń jẹ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Ta ló wá sọ fún wọn pé símẹ́ńtì ni?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá kò lù ú. Kò tilẹ̀ bú u. Ó kàn ń wò ó bí ẹni pé ó ń wá ọmọ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ojú náà, tí kò sì rí i.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá Àyẹ̀wò padà wá. Ó ká rọ́bà, ó fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀, nọ́ńbà tí ó jáde ga ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí nílùú náà lọ. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lú etí ẹ̀wù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Lọ́yà wí.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni ọ̀gá náà dáhùn. "Ó yẹ kí n ká rọ́bà yẹn. Mo fẹ́ràn bí o ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni mi ò fi ká a." Bí ó bá gbá a létí ni, ì bá rọrùn fún un ju ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Bàbá ló hú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó wọ́n omi sí i kí eruku má bàa gbéra, ó kó o sínú bárò, ó sì ń tì í kọjá lójú gbogbo ènìyàn lọ síbi kòtò. Oníbàárà yẹn kò wá títí di òní. Nígbà tí bàbá ṣe tán, ó jókòó sí ìta ilé ìwòsàn, ó sì fi orí pamọ́ sáàárín ọwọ́ méjèèjì. "Abẹ́ rọ́bà ni mo rò pé ó wà," ni ó ń sọ léraléra fún ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ ló wà lórí rọ́bà náà," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ.

Alága kò kú. A dúpẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ti mọ́ tán ní tòótọ́, òjé sì ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti pe ìyá àti bàbá jókòó, ó ti sọ fún wọn pé oògùn lè fa òjé jáde, kò lè tún ohun tí òjé ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ ṣe. Lọ́yà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Kò sí ẹjọ́ kankan tí ó lè bá ìyẹn rò.

Nílé, ìyá kò gbé Alága fún un mọ́. Bí ọmọ bá sunkún, tí Lọ́yà na ọwọ́, ìyá á gbé e kọjá lójú rẹ̀. Lọ́yà lọ bẹ ìyá tí wọ́n hú ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀. Obìnrin náà kò bú u, ó ní, "Àwọn ọmọ tèmi ti ń gbádùn, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ." Lọ́yà sunkún dé ilé.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tún dá fún àyẹ̀wò, ara ìyá kò yá, bàbá sì ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tí ó rí, iṣẹ́ bíríkìlà. Ìyá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọ̀já di Alága mọ́ ẹ̀yìn Lọ́yà fúnra rẹ̀, ó fà á le. "Gbé e lọ," ni ó wí. "Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́ nípa rẹ̀ lónìí, dá wọn lóhùn."

Nọ́ọ̀sì bèèrè oúnjẹ, ó bèèrè oorun, ó bèèrè ilé, títí kan ibi tí bàbá ń kó irinṣẹ́ sí. Lọ́yà dáhùn gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń sọ báyìí?"

Lọ́yà yíjú wo àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, kì í dákẹ́, mà. Báyìí, 'Màmá' àti 'omi' nìkan ló ń sọ."

"Bí o bá pè é láti ẹ̀yìn, ṣé ó máa ń wẹ̀yìn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè é."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kan Lọ́yà léjìká, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé yóò dára, torí kò mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó bí yín lè fẹ́ràn yín tọkàntọkàn, kí wọ́n sì ṣì ṣe àṣìṣe. Bí ẹ bá mọ ohun kan nínú ilé yín tó lè pa ọmọ lára, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbà yín, ẹ sì sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bi yín léèrè. Ìtìjú yóò dùn yín fún ìgbà díẹ̀. Lọ́yà padà sọ òtítọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi ń múra àtisọ ọ́, àbúrò rẹ̀ ń jẹ ilẹ̀.